Kọ́ńtọ̀ Ọkọ̀ Jímọ̀

Ọkọ mi kì í ṣe olè. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn, torí bí mo bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí níbi tó ti yẹ kó bẹ̀rẹ̀, ẹ ó ti dá a lẹ́bi kí n tó dé àárín, ó sì ti rẹ̀ mí jù láti máa bá ènìyàn jiyàn.

Láwàl lorúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ aago ló kọ́ ní kékeré, aago ọwọ́ àti aago ara ògiri, lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá sí Lomé láyé àwọn Faransé. Nígbà tí aago olówó pọ́ọ́kú gbòde, tó jẹ́ pé bó bá kú wọ́n á kàn jù ú nù ni, kò sẹ́ni tó ń gbé aago wá tún ṣe mọ́. Ló bá wá nǹkan mìíràn fún ìka rẹ̀ ṣe. Ọkọ̀ àlòkù ń wọ èbúté wa láti òkè-òkun nígbà náà bí ẹni ń da yanrìn sílẹ̀. Aago kékeré kan sì wà níwájú awakọ̀ nínú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, òun ló ń ka iye kìlómítà tí ọkọ̀ ti rìn láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é. Kọ́ńtọ̀ là ń pè é ní Lomé níbí. Bí kọ́ńtọ̀ bá bàjẹ́, Láwàl á yọ ọ́, á fi òmíràn tó tú lára ọkọ̀ tó ti kú rọ́pò rẹ̀. Bí kò bá sì bàjẹ́ ńkọ́? Ẹ̀yin náà ẹ ti mọ ibi tí mò ń lọ.

Ọkọ̀ tó bá ti rìn jìnnà, owó rẹ̀ á wálẹ̀. Èyí tó bá rìn díẹ̀, owó rẹ̀ á gòkè. Gbogbo ẹni tó ń ta ọkọ̀ ní Lomé ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, gbogbo wọn ló sì mọ ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù Láwàl ní Hédzranawoé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà àlòkù tí èmi náà ti ń ta kọ́tìnnì àti aṣọ ìbùsùn. Wọ́n á gbé ọkọ̀ tó ti rin ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba kìlómítà wá láàárọ̀, tó bá di ìrọ̀lẹ́ yóò ti di ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta. Wọ́n fún un lórúkọ, Sọ-àgbà-dèwe. "Sọ-àgbà-dèwe, bọ́nsúù o!" ni wọ́n á máa kí i láti òdìkejì títì. Inú rẹ̀ á sì dùn. Inú rẹ̀ ń dùn o, kí n má purọ́ fún yín.

Mo bá a jà lórí iṣẹ́ yìí títí ẹnu mi fi fẹ́ bó. Mo ní, "Bàbá Rídúwánù, ìrun márùn-ún lẹ̀ ń kí lójúmọ́, irọ́ mẹ́wàá lẹ̀ ń tò sínú ọkọ̀."

Ó ní, "Ìyá Rídúwánù, ṣé èmi ni mò ń tà á? Ṣé o ti gbọ́ kí n pe nọ́ńbà kankan fún oníbàárà rí? Irin ni mò ń tún ṣe. Ẹni tó ni ọkọ̀ ló mọ nọ́ńbà tó fẹ́."

Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ṣe ń sọ ọ́. Ẹni tó ń yí nọ́ńbà ní òun ò tajà, ẹni tó ń tajà ní òun ò yí nọ́ńbà. Irọ́ náà wá dà bí ọmọ tí kò ní bàbá. Ṣùgbọ́n mò ń jẹ nínú owó rẹ̀, mo sì fi rán àwọn ọmọ lọ síléèwé, ó sì di ọjọ́ kan tí mo dákẹ́.

Ó wá ku ọkọ̀ tirẹ̀. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Ní ọdún 1986, obìnrin òyìnbó kan, yòvó là ń pè wọ́n níbí, tó ń kọ́ ọmọ níléèwé fẹ́ padà sílé, ó sì ta ọkọ̀ rẹ̀ fún Láwàl. Tòyótà funfun ni, ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n kìlómítà péré ló ti rìn. Gbogbo ohun tí ọkọ mi ti tu jọ ló kó lé e. Kò fọkàn tán báńkì. Ó ní owó tó bá wà ní báńkì, ìjọba lè tilẹ̀kùn mọ́ ọn lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó bá wà lábẹ́ páànù lẹ́yìnkùlé ẹni, ojú ẹni náà ló wà. Ó kọ́ ìbòòji onípáànù fún un ní ilé wa ní Totsi. Ó rán aṣọ bò ó. Ọjọ́ Jímọ̀ nìkan ló ń wà á, láti ilé dé mọ́sáláṣí, láti mọ́sáláṣí dé ilé, àti yídì lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Àwọn ará àdúgbò sọ ọ́ ní Ọkọ̀ Jímọ̀.

Ẹ gbọ́ o. Èmi tí mò ń ru kọ́tìnnì lórí láti Totsi lọ sí Hédzranawoé, bí mo bá ní kó gbé mi, á ní, "Ọkọ̀ yìí kì í ṣe ọkọ̀ ẹrù." Nígbà tí ìrọbí ọmọ wa Ìsìlámíyátù mú mi, ọjọ́ Tùsìdeè ni. Takisí ni mo wọ̀. Inú ṣì ń bí mi dòní.

Bó bá ti Jímọ̀ dé, yóò jókòó sínú ọkọ̀, yóò ka kọ́ńtọ̀, yóò kọ ọ́ sínú ìwé pẹlẹbẹ kan tí yòvó yẹn fi sílẹ̀, ìwé tóun náà fi ń kọ ìgbà tó bá pààrọ̀ ọ́ìlì. Ọdún mẹ́fà ó lé ni ó fi kọ ọ́, kò fo Jímọ̀ kan. Ó ní nínú gbogbo Lomé, ọ̀kan ṣoṣo ni kọ́ńtọ̀ tí òun lè fi orí òun búra fún. Á rẹ́rìn-ín bó bá ń sọ ọ́, bí ẹni tó fi nǹkan pamọ́ fún ọjọ́ alẹ́.

Ojú rẹ̀ ló kọ́kọ́ dá wa dúró. Láti nǹkan bí ọdún 1991 ni awọ funfun kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í bo ẹyin ojú rẹ̀, ọ̀tún àti òsì. Ó kọ́kọ́ ní eruku ni. Lẹ́yìn náà ó ní iná ṣọ́ọ̀bù ni kò dáa. Kẹ̀kẹ́ nọ́ńbà inú kọ́ńtọ̀ kò ju èékánná ọmọdé lọ, ó wá di pé imú rẹ̀ ń kan irin bó bá ń ṣiṣẹ́. Ó ń fi ìka wá ohun tí ojú ò rí mọ́, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Nòfẹ́ńbà ọdún 1992 ni ìyanṣẹ́lódì bẹ̀rẹ̀, èyí tí gbogbo ìlú ń pè ní gírẹ́ẹ̀fù. Wọ́n ní ọ̀sẹ̀ kan ni, lẹ́yìn náà wọ́n ní títí ọ̀rọ̀ ìlú yóò fi tò. Èbúté dákẹ́. Ọ́fíìsì tì. Ọjà ń ṣí lónìí, ó ń tì lọ́la. Ta ló fẹ́ ra kọ́tìnnì nígbà tí kò sí gàrí nílé? Nígbà tó di Jánúárì tí ìbọn dún nígboro, tí àwọn ènìyàn ń ru ẹní àti ìkòkò sórí lọ sí Gánà, lọ sí Bìnì, mo kó àwọn ọmọ lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi Àrìnpé ní Kútọnu. Láwàl kò tẹ̀ lé wa. Ó ní bí òun bá lọ, wọ́n á jí ọkọ̀.

Oṣù Épírì ni mo tó padà. Mo wọlé, ó jókòó sábẹ́ ìbòòji lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ rẹ̀. Ó gbọ́ ohùn mi, ó dìde, ó na ọwọ́, ó ní, "Ìyá Rídúwánù, káàbọ̀, o kú ewu." Ṣùgbọ́n òpó ìbòòji ló ń kí. Èmi wà ní apá kejì. Mo sọ ẹrù sílẹ̀, mo sunkún. Mi ò rò pé mo ti sunkún bẹ́ẹ̀ rí láyé mi, kódà nígbà tí bàbá mi kú.

Ní Kútọnu, Àrìnpé ti sọ fún mi nípa dókítà ojú kan, òyìnbó tó máa ń wá lọ́dọọdún sí ilé ìwòsàn àwọn míṣọ́n. Wọ́n ní ó ń ṣí irú awọ bẹ́ẹ̀ kúrò lójú, ènìyàn á sì tún máa ríran. Òpin oṣù Júùnù ló máa padà sí ìlú rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ bóyá yóò tún wá lọ́dún tó ń bọ̀ pẹ̀lú bí gbogbo nǹkan ṣe rí yìí. Mo ti béèrè iye tó jẹ́. Kò sí owó nílé, kò sí owó ní ṣọ́ọ̀bù, ohun tó kù fún wa ò ju ọkọ̀ yẹn lọ. Bí a bá tà á ní iye tó tọ́ sí ọkọ̀ tó rin ẹgbẹ̀rún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kìlómítà, yóò tó ojú méjèèjì, yóò tó owó ọ̀nà àti oúnjẹ wa. Bí a bá tà á bí ọkọ̀ tó ti gbó, ojú kan ni.

Ẹ lè ní kí ló dé tí a ò gbé e lọ tà ní Kútọnu níbi tí wọn ò ti mọ̀ wá. Ta ló máa wà á? Ọkọ mi ò rí títì mọ́, èmi ò mọ ọkọ̀ wà. Epo bẹntiróòlù ti wọ́n bí wúrà, àwọn aṣọ́bodè sì wà lójú ọ̀nà tí wọ́n ń béèrè owó lọ́wọ́ ẹni tó ń sá fún ikú. Lomé la máa ti tà á.

Ó gbà á ní ọ̀sẹ̀ kan kó tó lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ó ní, "Pe Akínṣọlá."

Akínṣọlá ń kó ọkọ̀ ní èbúté, ọdún mẹ́tàlá ni òun àti ọkọ mi ti jọ ń ṣiṣẹ́. Bí ẹnìkan bá máa gbà wá gbọ́ láyé yìí, òun ni. Ó dé, ó yí ọkọ̀ náà ká, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fọwọ́ tẹ àga wò, ó wá bojú wo kọ́ńtọ̀. Ló bá bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n! Mọ́kànlélọ́gbọ̀n! Ẹ ò ṣàánú wa rárá. Ẹ ò tiẹ̀ jẹ́ kó dé ọgọ́ta."

Láwàl ní, "Ọwọ́ mi ò kàn án."

"Mo gbọ́."

"Akínṣọlá, mo ní ọwọ́ mi ò kàn án. Bí mo ṣe rà á nìyẹn, àfi ti Jímọ̀ tí mo fi kún un."

Ẹ̀rín náà kúrò lẹ́nu Akínṣọlá díẹ̀díẹ̀. Ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi. Bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ fún oníbàárà gan-an lẹ ṣe sọ ọ́ yẹn. 'Ọwọ́ ẹnikẹ́ni ò kàn án.' Èmi ló yẹ kí n máa sọ ọ́, kì í ṣe ẹ̀yin."

"Ìwọ náà ò gbà mí gbọ́? Ìwọ?"

"Torí pé mo mọ̀ yín ni."

Akínṣọlá ò fi ṣe àríyànjiyàn. Ó ní ọjà ò lọ, òun ò lówó lọ́wọ́, ṣùgbọ́n òun mọ ẹnìkan tó ń wá ọkọ̀ tó dáa, Díákónì Adéníran tó ń ta bébà àti gègé, tó ń gbé ní Kpogan. Takisí ti ṣọ̀wọ́n ní ọ̀nà ibẹ̀ látìgbà gírẹ́ẹ̀fù, àtilọ àtibọ̀ sì ti sú u. Ó ní owó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní òun ò ní sọ fún un pé ọ̀dọ̀ ta ni.

Díákónì dé lọ́jọ́ Sátidé, ọkùnrin tó ga, tó wọ ẹ̀wù tó mọ́ tónítóní, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tiwa. Ó fẹ́ràn ọkọ̀ náà lójú ẹsẹ̀. Ó ń fọwọ́ pa á lára. Ó ní, "Ìyàwó mi Ruth á dúpẹ́." Ó jókòó sínú rẹ̀, ó rí nọ́ńbà, ó wojú Láwàl, ó sì tún wò ó dáadáa. Ó bọ́ọ́lẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀yin kọ́ ni Láwàl aláago? Sọ-àgbà-dèwe?"

Ọkọ mi ní òun ni.

Háà! Ojú ọkùnrin náà yí padà. Ó wá sọ tẹnu rẹ̀. Lọ́dún 1989, ó ra ọkọ̀ kan tí kọ́ńtọ̀ rẹ̀ ní ẹgbẹ̀rún méjìdínlọ́gọ́ta. Oṣù kejì tó rà á ni ẹ́ńjìnnì kú mọ́ òun àti Ruth lọ́wọ́ lọ́nà Atakpamé, òjò sì pa wọ́n títí ilẹ̀ fi mọ́. Mẹkáníìkì ní ọkọ̀ yẹn á ti rin ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba dáadáa. Nígbà tó lọ bá ẹni tó tà á fún un, onítọ̀hún rẹ́rìn-ín, ó ní iṣẹ́ ọwọ́ Láwàl ni, kó lọ bá Láwàl. Ó dé iwájú ṣọ́ọ̀bù lóòótọ́, ó wo ọkọ mi lókèèrè, ó sì padà sílé.

Láwàl ní, "Mi ò sẹ́ ìyẹn. Ṣùgbọ́n èyí, Díákónì, òótọ́ ni." Ó ní kí n mú ìwé pẹlẹbẹ yẹn wá. Mo mú un wá. Gbogbo Jímọ̀ ọdún mẹ́fà ó lé, tí a kọ tẹ̀ lé ara wọn. Díákónì ṣí i lọ, ó ṣí i bọ̀.

Ó ní, "Ìwé yìí mọ́ jù. Ọjọ́ kan ṣoṣo lẹ jókòó kọ gbogbo rẹ̀."

Ọkọ mi ní kí n gbé Kùránì wá. Mo dúró. Mi ò fẹ́. Ọkùnrin kan kì í gbé Kùránì nítorí Tòyótà. Díákónì fúnra rẹ̀ ló ní ó tì, ó ní kò pọn dandan.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ mi. Ọkọ̀ yìí dára lójú mi. Bí ẹ bá ti sọ fún mi látìbẹ̀rẹ̀ pé ó ti rin ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́jọ, ǹ bá ti san owó rẹ̀ lónìí, iye tó bá ọgọ́jọ mu. Kìlómítà ò bà mí lẹ́rù. Irọ́ ni mo kórìíra. Mo ti ṣèlérí fún Ọlọ́run lójú òjò ọjọ́ yẹn pé mi ò ní ra irọ́ mọ́." Ó kí wa, ó lọ.

Bó ṣe jáde ni mo bú gbàmù. Gbogbo ohun tí mo ti gbé mì láti ọjọ́ yìí wá ló jáde lẹ́ẹ̀kan. "Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀! Ṣé mi ò sọ fún yín? Ọdún mélòó ni mo fi sọ ọ́? Ẹ ti lo ojú yín tán lórí irọ́ àwọn ènìyàn, nísinsìnyí tí òótọ́ kan ṣoṣo kù fún yín, kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ lọ́fẹ̀ẹ́!" Mo sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo sọ̀rọ̀ takisí tí mo wọ̀ lọ bímọ. Mo pariwo dé ibi pé Élise, aládùúgbò wa ti ilé kejì, yọjú lórí ògiri.

Láwàl fi ọwọ́ wá àpótí. Ó jókòó sórí rẹ̀, ó di ọwọ́ méjèèjì mọ́ra. Ó ní, "Òótọ́ lo sọ." Ìyẹn nìkan. Ì bá tiẹ̀ nà mí ì bá sàn ju ìyẹn lọ. Ojú tì mí, mo wọlé lọ dá iná ọbẹ̀ tí kò sí ẹran nínú rẹ̀.

Àwọn mìíràn wá. Ẹni mẹ́rin. Wọ́n á wo kọ́ńtọ̀, wọ́n á wo ara wọn, wọ́n á rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹnìkan tiẹ̀ bẹ Láwàl pé kó bá òun yí ti ọkọ̀ òun náà bẹ́ẹ̀, ó ní iṣẹ́ yìí ló mọ́ jù tí òun ti rí. Ọjọ́ ń lọ. Júùnù ti pé ọjọ́ méjìdínlógún.

Ọjọ́ yẹn, lẹ́yìn ìrun Alásárì, ó pè mí. Ó ní, "Gbé àpótí irinṣẹ́ mi wá sínú ọkọ̀. Kí ìwọ náà wá jókòó." Mo gbé e lọ. N kò tíì jókòó níwájú ọkọ̀ yẹn rí láti ọdún méje, ẹ gbà mí gbọ́. Ó ní, "Ka kọ́ńtọ̀ fún mi."

Mo kà á. Ẹgbẹ̀rún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ọgọ́rùn-ún mẹ́rin àti méje.

Ó ní, "Tún un kà."

Mo tún un kà. Ó mi orí. Ó wá fi ìka wá nọ́ọ̀tì mẹ́rin náà, ó tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fa kọ́ńtọ̀ jáde, ó gbé e lé itan. Mo ti ń lóye ohun tó fẹ́ ṣe, mo ní, "Bàbá Rídúwánù, ẹ má ṣe é." Ó ní, "Ìyàwó mi, ó ti rẹ̀ mí." Ohùn rẹ̀ ò le. Ó ní, "Lójoojúmọ́ ayé mi ni mo fi ń rẹ ọkọ̀ sílẹ̀, kò sẹ́ni tó bi mí. Jẹ́ kí n gbé ọ̀kan sókè. Ọgọ́jọ ni Díákónì fẹ́. Èmi á fún un ní ọgọ́jọ. Ìwọ ṣáà máa kà fún mi, ojú mi ò rí i."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ṣe é. Ó ń yí kẹ̀kẹ́ kékeré náà, mò ń kà. "Mẹ́ta. Mẹ́rin. Márùn-ún. Ẹ dúró, ẹ ti kọjá." Á yí i padà sẹ́yìn díẹ̀. Nígbà tó parí, ó di ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́jọ àti méjì, pẹ̀lú ìṣẹ́kù. Ó ní òun fi ìyẹn kún un kó má baà gún jù, torí nọ́ńbà tó bá gún jù kì í dà bí òótọ́. Ẹ wo iṣẹ́ tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún bú, èmi náà ti wá di ọmọṣẹ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ó gbé ìwé Jímọ̀ fún mi. Ó ní, "Fi dáná." Òun náà mọ̀ pé ìwé yẹn á tú wa fó. Mo fà á ya ní ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, mo fi wọ́n sábẹ́ ìkòkò. Kò tilẹ̀ tó fi se omi.

A ránṣẹ́ sí Díákónì. Ó padà wá lọ́jọ́ kejì, ó wọ inú ọkọ̀, ó rí nọ́ńbà tuntun náà. Ó pẹ́ nínú ibẹ̀. Nígbà tó jáde, ó ṣí fìlà, ó di ọwọ́ Láwàl mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, omi sì wà lójú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Kò rọrùn fún àgbàlagbà láti jẹ́wọ́. Ẹ ti gba ara yín lọ́wọ́ nǹkan ńlá." Ó ní ká jọ gbàdúrà, èmi àti ọkọ mi Mùsùlùmí, òun Díákónì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ náà. Ó bẹ Ọlọ́run kó dárí jì Láwàl. Láwàl ní, "Àmín." Àmín ò jáde lẹ́nu tèmi. Mo ṣe bí ẹni ń wúkọ́.

Wọ́n máa ń ní òtítọ́ dé ọjà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Mo ti ń gbọ́ ọ láti kékeré, mo rò pé wọ́n kàn ń fi dá àwọn ọmọdé lẹ́kun ni. Díákónì ra tirẹ̀ lówó ọgọ́jọ, kò dín kọ́bọ̀ kan, inú rẹ̀ sì dùn gan-an. Títí dòní ló ń sọ ọ́ káàkiri Kpogan pé ọkọ̀ náà ti gbó lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń sáré bí tuntun, ó ní ìbùkún tó wà lórí òótọ́ nìyẹn. Ó máa ń kí wa bó bá kọjá. Ọmọlúàbí ni, mi ò lè bínú sí i. Mo ti gbìyànjú.

A dé Kútọnu lọ́jọ́ kẹtàlélógún. Ilé Àrìnpé la sùn. Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn, mo kó owó sórí tábìlì, akọ̀wé kà á, ó sì sọ ohun tí mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ojú kan.

Dókítà náà kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó tan iná sí ojú ọkọ mi, ọ̀tún, lẹ́yìn náà òsì, ó sì sọ̀rọ̀ Faransé díẹ̀díẹ̀ kí n lè gbọ́. Ó ní bákan náà ni méjèèjì rí, méjèèjì ló lè là. Ó ní èwo ni kí òun ṣe.

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún Láwàl. Ó jókòó bí ẹni tí wọ́n béèrè ọ̀nà ìlú tí kò dé rí lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí ibi tó rò pé mo wà.

"Ìyá Rídúwánù, ìwọ lo ń kà fún mi báyìí. Ìwọ ni kó o mú un."

Inú bí mi. Mo ní, "Ṣé iṣu ni ojú, tí mo fi máa ṣà á lọ́jà? Ojú yín ni o!"

Ó ní, "Mo mọ̀. Mi ò lè mú un. Bá mi mú un."

Nọ́ọ̀sì ti dúró, ó mú yíǹkì tí wọ́n fi ń sàmì sí ojú tí wọ́n fẹ́ ṣe lọ́wọ́, ó ń wò mí. Àwọn ènìyàn wà lẹ́yìn wa lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n pọ̀. Mo wo ojú ọkọ mi, ọ̀kan, èkejì, funfun méjèèjì. Mo fi ìka kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lápá ọ̀tún. Nọ́ọ̀sì fa ìlà sókè ojú ọ̀tún náà, ó mú un lọ́wọ́ wọlé, èmi sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì láti máa dúró dè é.